Ìdajì Hóró

Abẹ fẹ́lẹ́ ni mo fi ń là á sí méjì
lórí àwo tánganran tí Abọ́sẹ̀dé fi sílẹ̀.
Hóró funfun, kò tó èékánná ọmọdé.
Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, ó fọ́ sí mẹ́ta,
màá fi ìka tó rin ṣa ìyẹ̀fun rẹ̀.
Mo ti tọ́ ọ wò rí. Ó korò ju ewúro lọ.
Láti ọjọ́ náà ni n kò ti bú u mọ́ tó bá tu ú jáde.

Fìlà lorúkọ rẹ̀. Funfun ni gbogbo ara,
àfi dúdú tó dé e lórí,
tó ṣẹ́ sápá òsì bí fìlà ọkọ ìyàwó.

Ọdún kẹta rèé tó bẹ̀rẹ̀:
oúnjẹ wọlé, oúnjẹ jáde,
mo ń wọ́n eérú sẹ́yìn àga, sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ìgbẹ́ bí omi ẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín nínú rẹ̀,
eegun ẹ̀yìn yọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́.
Mo gbé e sínú agbọ̀n, mo fi okùn di ìdérí,
ó di inú ọkọ̀, láti Àsèró dé Alábàtà.
Obìnrin kan gbọ́ igbe ológbò lẹ́sẹ̀ mi,
ó ní kí wọ́n já òun sílẹ̀ ní Kámpù.
Kì í ṣe Kámpù ló ń lọ.

Dókítà ẹran, ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ-ọmọ,
tẹ ikùn Fìlà bí ẹni ń wá owó nínú ìrọ̀rí.
"Bàbá, ìfun rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà.
Àìsàn yìí kì í lọ. A ó kàn máa bẹ̀ ẹ́ ni."
Mo ní, títí dìgbà wo? Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.
"Títí."

Èmi náà ní títí tèmi:
pupa kan láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún kọkànlá.
Nítorí náà la ṣe ń jókòó pọ̀
kí oòrùn tó ta sórí páànù Ìtòkò tó ti dípẹtà.
Mo yí tirẹ̀ nínú epo sàdíìnì,
mo rọra la ẹnu rẹ̀, mo fọwọ́ pa á lọ́fun
títí ọ̀fun yóò fi gbé e kọjá.
Mo máa ń dúró wò ó.
Abọ́sẹ̀dé máa ń sọ pé òun ti lo tòun. Mo gbà á gbọ́.
Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tí a ká ẹní rẹ̀,
hóró mẹ́tàdínlógún la bá lábẹ́ tìmùtìmù.

Lára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí:
Ó jẹun. Ó bì. Ó bì lẹ́ẹ̀mejì.
Ìgbẹ́ le díẹ̀, ọpẹ́.

Ṣówùnmí yọjú lójú fèrèsé:
"Kí lẹ rí ṣe? Owó ológbò yìí tó ra ewúrẹ́ méjì!"
Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ méjì kò mọ àkókò tí mo ń jí.
Wọ́n ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á dilé eku.
Tèmi ò kúrò. Ó jókòó,
eku sì gba iwájú rẹ̀ kọjá lánàá
bí ẹni tó ti san owó ilé ọdún méjì.

Lóṣù yìí oògùn wọ́n ní Ìbarà.
Mo ka owó mi lẹ́ẹ̀mẹta, iye kan náà ni.
Mo mú abẹ, mo la tèmi náà sí méjì,
mo ti ìdajì kan sábẹ́ àwo. Ta ló máa mọ̀?
Mo gbé ìdajì kejì mì, mo mumi lé e.
Fìlà kò kúrò lórí tábìlì.
Ó ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀,
ó tẹjú mọ́ ọ̀fun mi.

Ó pẹ́ kí n tó gbé àwo náà sókè.